Méje Nínú Mẹ́wàá

Bath, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, oṣù Bélú

Àjọkẹ́ mi,

Mo ti rà á. Kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè màmá, kí n tó béèrè òrùlé tó ń jò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn: mo ti ra ti oṣù yìí. Láàárọ̀ yìí ni mo bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ẹsẹ̀ mi wúwo bí ọmọ odó, òjò ìlú yìí tí kì í rọ̀ dáadáa tí kì í sì í dá ń ta sí mi lójú. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Mo rí i níbi tí wọ́n tò ó sí, láàárín ìwé àwọn apẹja àti ìwé àwọn tó ń gbin òdòdó: Edge, ìwé géèmù wa, tuntun, èèpo iwájú rẹ̀ ń dán, kò sí ẹni tó tíì ṣí i wò. Mo sanwó, mo jáde, mo dúró sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo sì gbé e sí imú.

Ìwọ lo kọ́ mi ní ìwà yẹn. Obìnrin kan tó ń kọjá wò mí bí ẹni wo aṣiwèrè, mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìwé náà ò rùn bó ṣe yẹ. Tàdáwà nìkan ló ń rùn. Kò sí eruku níbẹ̀, kò sí káńfọ̀, kò sí òórùn ẹ̀pà yíyan láti ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín.

Ó yá, mo kí ọ o. O kú ilé, o kú àdúrótì, o kú ojú lọ́nà. Bá mi kí màmá, kí o sọ fún wọn pé aṣọ òtútù tí wọ́n ní kí n máa wọ̀ mọ́ra, mo ń wọ̀ ọ́, kódà mo ń wọ méjì.

Ẹ̀dà kọkàndínlógún nìyí láti ìgbà tí mo ti dé. Mẹ́tàlá ni wọ́n ń tẹ̀ jáde lọ́dún, kì í ṣe méjìlá. Mi ò lo kàlẹ́ńdà mọ́, ìwé yìí ni mo fi ń ka ọjọ́. Oṣù mẹ́tàlá ló wà nínú ọdún tèmi níhìn-ín, bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè parí.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú ìsọ̀ màmá l'Ógùnpa, lọ́dún 2004? Ìwé kọ̀ǹpútà ni mo ń wá, ìwọ sì ń kàwé. Mo béèrè iye, o dá mi lóhùn láìgbójú sókè. Gbogbo ìsọ̀ yẹn, bébà ni: ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí wọ́n ń wọ̀n fún àwọn alákàrà àti ẹlẹ́pà, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé, ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé. Lẹ́yìn pátápátá, nínú òkùnkùn, ni àwọn dídán wà. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n bá fíríìjì àlòkù àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù wọ kọ̀ǹténà láti Lọ́ńdọ̀nù ni, bóyá ẹnì kan ló fi wọ́n di abọ́ kí ó má baà fọ́. Màmá ò fẹ́ wọn rárá. Bébà ìwé ìròyìn máa ń fa epo mu, bébà dídán kì í fa nǹkan kan. Alákàrà tó bá fi Edge di àkàrà, epo á ṣàn dé ìgúnpá oníbàárà, ìjà á sì dé. Nítorí náà wọ́n kù síbẹ̀, wọ́n ń ga sí i lọ́dọọdún, títí ọmọ ẹni tó ni ìsọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

Mo máa ń rò ó lálẹ́ tí àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú bá ti sùn. Ká ní àkàrà gba bébà dídán ni, ǹ bá má mọ̀ ọ́.

Ẹni tí kò bá wà níbẹ̀ lè máa bi wá léèrè ohun tí a ń rí kà nínú ìwé géèmù ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwa tí a ò ní ẹ̀rọ tí a lè fi gbá ọ̀kankan nínú wọn. Èmi náà bi ọ́ bẹ́ẹ̀. O ní, "Ṣé ẹni tó ń gbọ́ ìtàn Ìrèmọ̀jé ti pa erin rí ni?" Ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó lórí àpótí kejì.

Super Mario 64 ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1996, òun ni géèmù àkọ́kọ́ tí Edge fún ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń jáde láìfún ẹnikẹ́ni. O ò rí géèmù yẹn rí, èmi náà ò rí i. Ṣùgbọ́n mo rí ọ níbi tí o ti dìde dúró láàárín ìsọ̀, tí o ń ṣàlàyé fún ẹlẹ́pà tó wá ra bébà: pé ọ̀pá kékeré kan wà lábẹ́ àtàǹpàkò, tí o bá rọra tì í díẹ̀, ọkùnrin inú géèmù náà á máa yọ́ rìn bí olè, tí o bá tì í sí i, á máa rìn, tí o bá tì í dé òpin, á sáré. O fi ẹsẹ̀ ara rẹ ṣe é fún un. O yọ́ rìn, o rìn, o sáré dé ẹnu ọ̀nà, o padà. Obìnrin yẹn ní kí màmá tètè mú ọ lọ sọ́dọ̀ wòlíì.

Ní oṣù tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ àtijọ́, mo rí Nintendo 64 tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí àwọn èèyàn lè dán an wò. Mo dì í mú. Àjọkẹ́, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ojú mi. Mo rọra ti ọ̀pá náà, ó sì yọ́ rìn, gẹ́lẹ́ bí o ṣe yọ́ rìn láàárín bébà alákàrà lọ́jọ́sí. Kì í ṣe Mario ni mo ń wò mọ́. Ọmọdékùnrin tó ń dúró de ipò sọ pé, "Sir, are you okay?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo fún un ní ọ̀pá náà, mo jáde.

Ohun tí ìwé tó dáa máa ń ṣe fún èèyàn nìyẹn, mi ò sì tíì rí i kí ẹlòmíràn ṣe é tó àwọn tí a kà l'Ógùnpa. Kì í sọ fún ọ pé nǹkan dára kó wá dákẹ́. Á sọ bó ṣe wúwo tó lọ́wọ́, á sọ ohun tó ṣe ọ́ láyà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, á sọ ibi tó ti já ọ kulẹ̀. Wọn kì í sì í fi orúkọ sí i. Gbogbo àgbéyẹ̀wò inú Edge, ẹnu kan náà ni, "àwa" lásán, o ò ní mọ ẹni tó kọ ọ́. A máa ń jiyàn lórí ìyẹn títí màmá fi máa ní kí a dákẹ́. Ìwọ á ní ẹni tó kọ èyí, ó dájú pé obìnrin ni, torí pé ó kíyè sí orin abẹ́lẹ̀. Èmi á ní ọkùnrin ni, ebi ló ń pa á, ẹ ò rí bó ṣe bínú.

Nípa Doom nìkan ni a ò ti jiyàn. Àwọn ọmọ id Software ní Texas ló gbé e jáde ní òpin 1993, gbogbo ayé ya wèrè lé e lórí. Edge fún un ní méje. Ẹni tó kọ ọ́ ṣe àròyé kan tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà náà wá: ó wù ú kí èèyàn lè bá àwọn abàmì ẹ̀dá inú rẹ̀ sọ̀rọ̀, dípò kó kàn máa yìnbọn lù wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín. Ìwọ ò rẹ́rìn-ín. O ní ẹni yìí á ti ka Fágúnwà. Nínú igbó irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938, ọdẹ àti iwin máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà, nígbà míì ẹnu gan-an gùn ju ìjà lọ. O ní ta ló sọ fún àwọn ọmọ Texas pé ohun tó ní ìwo lórí kò ní ẹnu? Ó wá ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ní 2015, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Toby Fox, gbé Undertale jáde, géèmù tí o lè gbá dé òpin láìpa ẹyọ ẹ̀dá kan, tí o bá ṣáà lè bá wọn sọ̀rọ̀, kí o ní sùúrù fún wọn, kí o mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ọjọ́ tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ ni mo pè ọ́ láti ibi iṣẹ́. O ò tilẹ̀ yọ̀. O kàn ní, "Mo ti sọ."

Méje tí wọ́n fún Doom yẹn ni o wá fi bá mi wí. Mo ṣì ń gbọ́ ọ báyìí. A dúró sábẹ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ọkọ̀ ń pariwo, mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣàyẹ̀wò ohun tí màá sọ, mo sì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Mo ṣáà ní ṣé o máa fẹ́ mi. O wò mí láti bàtà dé orí, o dákẹ́ títí bọ́ọ̀sì méjì fi kọjá, o ní:

"Méje nínú mẹ́wàá."

Mo ní, "Bíi ti Doom?"

O ní, "Bíi ti Doom."

Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Ṣùgbọ́n mo ti bá ọ kàwé fún ọdún mẹ́ta, mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa yẹn, márùn-ún kì í ṣe ìjákulẹ̀, àárín ni. Méje dáa gan-an. Ẹni tó gba méje, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ bá a sọ. Mo gbà.

Ti àwọn àǹtí rẹ ló le. Ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àwọn mẹ́rin jókòó ní ọ̀wọ́ kan náà, wọ́n ń wò mí, o sì sún mọ́ mi létí, o ní, "Famitsu." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níwájú àwọn àgbàlagbà. Ìwé géèmù àwọn ará Japan ni, láti 1986. Ẹni mẹ́rin ló máa ń jókòó lé géèmù kan lórí, kálukú á fún un ní máàkì tirẹ̀ nínú mẹ́wàá, wọ́n á wá ro ó pọ̀ sí ogójì. Ní 1998 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fún nǹkan kan ní ogójì pé, The Legend of Zelda: Ocarina of Time. Mi ò tíì mọ iye tí àwọn àǹtí fún mi títí dòní. Tí o bá mọ̀ ọ́n, má sọ.

O béèrè nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí bí ìlú tí wọ́n ti bí Edge ṣe rí. Èmi tí mo ń gbé inú rẹ̀ ni mi ò tíì ròyìn rẹ̀ fún ọ bó ṣe yẹ, mo tọrọ àforíjì. Òkúta aláwọ̀ oyin ni gbogbo ilé, tí oòrùn bá yọ, ìlú á pọ́n bí ẹ̀kọ àgbàdo pupa. Lọ́dún 1985 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chris Anderson dá ilé iṣẹ́ Future sílẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní Somerset, pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà Amstrad, kí wọ́n tó kó wá sí Bath. Níbẹ̀ ni Edge ti jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, Steve Jarratt ni olóòtú àkọ́kọ́. (Chris Anderson yìí ló wá gba TED lẹ́yìn náà o. Chris Anderson kejì ni olóòtú ìwé Wired láti 2001 sí 2012. Ṣé o rántí pé odindi ọdún méjì ni àwa méjèèjì fi rò pé ẹnì kan ni wọ́n, tí a sì ń ṣàánú rẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù?) Mo bi ọkùnrin tó ń ta ìwé fún mi bóyá ó mọ̀ pé inú ìlú yìí ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀, ó sì fún mi ní ṣéńjì.

Omi gbígbóná ló sọ ìlú yìí di ìlú. Láti inú ilẹ̀ ló ti ń sun, lítà tó lé ní mílíọ̀nù kan lójoojúmọ́, ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 45 lórí ìwọ̀n Celsius. Àwọn ará Róòmù ló mọ odi yí i ká ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Mo sanwó, mo wọlé lọ wò ó. Omi náà tutù yọ̀yọ̀ lójú bí ewé, èéfín ń rú lórí rẹ̀, ó lẹ́wà, wọ́n sì kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo dúró síbẹ̀. Ìkọ̀gọ̀sì ló wá sí mi lọ́kàn, ọ̀sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó, ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. O ki ẹsẹ̀ òsì bọ gbígbóná, o ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ tútù, o ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, o sì dì mí lọ́wọ́ mú nítorí pé òkúta ń yọ̀. Mi ò rántí bí omi náà ṣe rí lára mọ́. Ọwọ́ rẹ ni mo rántí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ le díẹ̀ níbi tí okùn ìdì bébà máa ń há sí.

Mo ti lè wo nǹkan fún wákàtí mẹ́ta láìfọwọ́ kàn án báyìí, ìlú yìí ló kọ́ mi.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mo jí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti lọ síbi iṣẹ́, mo ṣí fèrèsé, mo sì rí bàlúùnù mẹ́rin lójú ọ̀run, àwọn ńlá tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbé èèyàn sókè. Ọ̀kan ní ìlà aláràbarà. Mo pariwo orúkọ rẹ nínú yàrá. Ìwé kọ̀ǹpútà Byte ti oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni, Àjọkẹ́! Èyí tí mo rà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí bàlúùnù ń gbéra láti orí erékùṣù lórí èèpo rẹ̀, tí Robert Tinney yà. O fi ogún náírà lé owó rẹ̀ nítorí pé o rí i pé mo fẹ́ ẹ jù. Odindi ẹ̀dà yẹn, lórí èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Smalltalk ni. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé ọgọ́ta ojú-ewé, mo sì ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú ọpọlọ ara mi nítorí pé mi ò ní kọ̀ǹpútà. Ìwọ á béèrè pé, "Kí ló sọ?" Èmi á ní, "Ó ṣì ń rò ó." Byte ti kú láti 1998 nígbà yẹn. A ò mọ̀. A ń dúró de ẹ̀dà tuntun.

Wired náà wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ Edge ni, 1993 kan náà ni Louis Rossetto àti Jane Metcalfe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní San Francisco. Ìwọ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Lójú tèmi ó máa ń sọ̀rọ̀ ọ̀la bí ẹni tí wọ́n ti fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ọsàn lórí bébà aláwọ̀ ewé sì máa ń ta mí lójú. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn fúnra rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọdún 1993 tí àwọn ọ̀hún ń jiyàn lórí bí ọjọ́ iwájú ṣe máa rí, àwọn tiwa tó ń kọ ìwé ìròyìn TheNEWS l'Ékòó ń jiyàn lórí ilé tí wọ́n máa sùn lálẹ́. Ìjọba ológun ti fòfin de ìwé wọn ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, wọ́n wá ń tẹ Tempo láti ibi ìsápamọ́sí. Màmá ló sọ fún mi pé àárín bébà alákàrà ni àwọn ń kó ìwé bẹ́ẹ̀ sí nígbà náà, tí àwọn sì ń mọ ẹni tó wá rà á nípa ọ̀nà tó gbà béèrè iye àkàrà. Èèyàn á máa ka Edge nínú ìsọ̀ kan náà, kò ní mọ ohun tó jókòó lé.

Èyí á dùn mọ́ ọ: ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, wọ́n ṣe ìdíje géèmù kan ní yunifásítì Stanford, lórí Spacewar, èyí tí àwọn ọmọ MIT ṣe ní 1962. Stewart Brand lọ kọ̀ròyìn rẹ̀ fún Rolling Stone, Annie Leibovitz ya fọ́tò. Ṣé o mọ ẹ̀bùn tí ẹni tó bá borí máa gbà? Rolling Stone ọdún kan, ọ̀fẹ́. Mágásíìnì! Mo kà á nínú ilé ìkàwé níhìn-ín, mo sì gbójú sókè láti sọ fún ọ. Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ sí mi bẹ́ẹ̀, bíi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Mo mọ̀ pé o ti rẹ̀ ọ́ láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ físà. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni pé ẹni tó bá bá iṣẹ́ ìtọ́jú wá kò lè mú ìyàwó wá. Oṣù kẹfà ni mo wọ̀lú. Kò sí ohun tuntun tí mo lè fi kún un.

Àmọ́ ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ rò. Tí mo bá pè ọ́, tí mo ní báwo ni nǹkan, o máa ń ní "dáadáa ni." Dáadáa! Ìwọ! Ìwọ tí o ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ fún bí ilẹ̀kùn ṣe ń dún nínú Resident Evil! Ta ló máa tẹ "dáadáa ni" jáde kó tún gbowó lórí rẹ̀? Mi ò fẹ́ máàkì, Àjọkẹ́, àgbéyẹ̀wò ni mo fẹ́. Òrùlé tó ń jò yẹn, abọ́ wo lo gbé sábẹ́ rẹ̀, ṣé onítánganran ni àbí oníke, kí ni ìró rẹ̀ ní aago méjì òru? Ṣé apá ọ̀tún ibùsùn lo ṣì ń sùn, àbí o ti gba àárín? Àwọn ìwé Atọ́ka màmá, àwọn ti àtijọ́ tí fọ́tò àwọn òṣèré wà nínú wọn tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn, tí màmá kì í tà fún ẹnikẹ́ni, ṣé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ṣì wà, ṣé omi ò tíì dé ibẹ̀? Aṣọ wo lo wọ̀ nígbà tí o ń ka èyí? Kọ ọ́. Má fi orúkọ sí i, màá mọ ẹni tó kọ ọ́.

Èmi náà jẹ̀bi, mo gbà. Èmi náà ti sọ "dáadáa" tí kì í ṣe dáadáa. Ó yá, jẹ́ kí n san tèmi. Baba kan wà tí mo ń tọ́jú, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ó ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi ń pè mí. Oorun kì í kùn ún. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn mo gé ìdérí kúrò lórí páálí ẹyin, èyí tó ń gba méjìlá, mo ka bọ́tìnì méjìdínláàádọ́ta sínú rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, mo sì kọ́ ọ ní ayò. Ó gbàgbé orúkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ta. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ó nà mí, ó ní kí n má sunkún, ọmọ òun. Mo wọ ilé ìdáná, mo sì sunkún, kì í ṣe nítorí ayò.

Ìwé tí o bẹ̀rẹ̀ sí í kọ yẹn ńkọ́, àgbéyẹ̀wò ayò ọlọ́pọ́n? Mo rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: pé kò lo iná, kò lo bátìrì, ohùn rẹ̀ dára nítorí pé ọmọ ayò tó bá bọ́ sórí igi gbígbẹ kì í parọ́. O fún un ní mẹ́sàn-án, ìwọ ahun máàkì! O ní ẹyọ kan tó kù, àwọn òǹwòran tí kì í lè pa ẹnu mọ́ ló gbà á. Parí rẹ̀. Ìbàdàn tó tẹ ìwé lítíréṣọ̀ Black Orpheus jáde ní 1957 kò yẹ kó máa dúró de kọ̀ǹténà kí ó tó rí ìwé kà lórí eré tirẹ̀. Tí o bá parí rẹ̀, fi ránṣẹ́, màá kà á fún Baba ní òru, kò ní gbọ́ èdè náà ṣùgbọ́n á gbọ́ ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan láti Mọ́kọ́lá ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, ó ti gbà láti bá mi mú ìwé márùn-ún dání. Mo mọ̀ pé o lè rí i kà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n àwọn tí o máa gbà yìí, mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí etí wọn, mo sì ti fi wọ́n sábẹ́ ìrọ̀rí mi fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n lè rùn bí nǹkan. Gbé e sí imú kí o tó ṣí i.

Nípa ayò tiwa tí a dá dúró lórí fóònù nígbà tí iná lọ: páálí ẹyin mi ṣì wà bí a ṣe fi í sílẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Gbé ọpọ́n rẹ jáde. Mo kó ilé kẹrin láti ọwọ́ òsì mi, márùn-ún ló wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí ilé kẹta tìrẹ, níbi tí o fi méjì pamọ́ sí tí o rò pé mi ò rí i. Ó di mẹ́ta. Mo jẹ ẹ́.

Ìwọ ló kàn.

Àkànní rẹ,
méje nínú mẹ́wàá.